Ẹ̀kọ́ Lórí Kọ̀ǹpútà: Bí Library Kan Bá Di Àwátì Lórí Linux

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ìṣòro kan tí ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sá fún Linux. Linus Torvalds, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991, ẹnikẹ́ni sì lè lò ó láì san owó. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, a ó gbé ètò tuntun sórí rẹ̀, ètò náà yóò kọ̀ láti ṣí, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ pé library kan kò sí. Ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí lè pa gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rẹ́, tàbí kí ó lọ gba fáìlì lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Èkejì yìí ni ó léwu jù, a ó sì rí ìdí rẹ̀.

1. KÍ NI LIBRARY?

Kì í ṣe ilé ìkàwé ni a ń sọ níhìn-ín. Library jẹ́ fáìlì tí ó kún fún iṣẹ́ tí àwọn kan ti ṣe sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ètò sì jọ ń lò. Ó dà bí kànga àdúgbò: kò pọn dandan kí agboolé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ tirẹ̀.

Èrè méjì ni ó wà nínú èyí. Èkíní, ààyè inú kọ̀ǹpútà kì í ṣòfò. Èkejì, bí àléébù bá wà, ojú kan ni a ó ti tún un ṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n kéde àléébù ńlá kan tí a ń pè ní Heartbleed nínú OpenSSL, library tí ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àtúnṣe dé, ẹni tí ó pààrọ̀ library yẹn kò ní láti máa wá àtúnṣe kiri fún ètò kọ̀ọ̀kan tí ó ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí kànga bá di àwátì, gbogbo ẹni tí ń pọn níbẹ̀ ni òùngbẹ yóò gbẹ.

2. Ẹ KA OHUN TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ KỌ

Ọ̀rọ̀ náà máa ń rí báyìí:

error while loading shared libraries: libncurses.so.5: cannot open shared object file: No such file or directory

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: "Ètò yìí nílò libncurses.so.5, mo wá a, n kò rí i." Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. "libncurses" ni orúkọ library. "So" ń fi hàn pé fáìlì àjọlò ni. "5" ni nọ́ńbà ìran rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe library máa ń yí nọ́ńbà yìí padà nígbà tí wọ́n bá yí iṣẹ́ inú rẹ̀ padà débi pé àwọn ètò àtijọ́ kò ní lè bá a lò mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ìran kẹfà kò tíì ní ìran karùn-ún.

3. ÌGBÉSẸ̀ TÍ Ó YẸ

(a) Ẹ kọ́kọ́ mọ gbogbo ohun tí kò sí. Ẹ tẹ ldd, kí ẹ sì fi ibi tí ètò náà wà tẹ̀lé e. Library tí "not found" bá wà níwájú orúkọ rẹ̀ ni kò sí. Ètò tí ẹ fọkàn tán nìkan ni kí ẹ ṣe èyí fún, nítorí ldd lè mú kí apá kan ètò náà ṣiṣẹ́.

(b) Ẹ béèrè package tí library náà wà nínú rẹ̀. Lórí Ubuntu àti Debian, ẹ tẹ àwọn wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

sudo apt install apt-file
sudo apt-file update
apt-file search libncurses.so.5

Lórí Fedora, dnf provides '*/libncurses.so.5' ni ẹ ó tẹ̀.

(d) Ẹ gba package náà láti inú àká tí àwọn tó ni Linux yín fúnra wọn ń tọ́jú. Lórí Ubuntu 22.04, sudo apt install libncurses5 ti tó.

(e) Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ kó library sí /usr/local/lib, ó lè wà níbẹ̀ kí kọ̀ǹpútà má mọ̀. Ẹ tẹ sudo ldconfig kí ó tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe.

(ẹ) Bí ètò bá wá gẹ́gẹ́ bí fáìlì .deb, ẹ má ṣe lo dpkg -i. Ẹ tẹ sudo apt install, kí ẹ sì fi ./ àti orúkọ fáìlì tẹ̀lé e. Apt yóò bá yín wá ohun tí ó kù.

4. OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A ṢE

Nígbà tí Ubuntu 22.04 jáde ní ọdún 2022, OpenSSL 3 ni ó bá a wá. Láti ìgbà náà ni àwọn ètò àtijọ́ tí a gbé sórí rẹ̀ ti ń ké pe libssl.so.1.1 tí kò sí nínú àká rẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀bùrú méjì ni àwọn ènìyàn máa ń gbà.

Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n á mú libssl.so.3, wọ́n á fún un ní orúkọ ti àtijọ́. Bí a bá pe àgùntàn ní ewúrẹ́, àgùntàn ni yóò máa jẹ́. Ètò náà yóò wo inú rẹ̀, kò ní rí ohun tí ó ń wá, yóò sì dúró.

Èkejì ni pé wọ́n á gba libssl.so.1.1 ní ibikíbi tí wọ́n bá ti rí i. Ẹ rántí pé inú ètò ni library ti ń ṣiṣẹ́. Ohunkóhun tí ètò náà bá rí, ìbáà jẹ́ páswọ́ọ̀dù, lẹ́tà tàbí nọ́ńbà báńkì, library náà lè rí i. Bí a bá sì fi sudo gbé e wọlé, a ti fi kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé lé àlejò lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá da májèlé sí kànga, gbogbo àdúgbò ni ó fẹ́ pa. Kódà bí fáìlì náà bá jẹ́ ojúlówó, àwọn tí ó ni OpenSSL ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró fún ìran 1.1.1 ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023.

Ohun tí ó tọ́ ni kí a wá ètò náà ní ẹ̀dà tuntun tí ó ń lo OpenSSL 3. Bí kò bá sí, kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é, tàbí kí a wá ètò mìíràn tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

1. Kí ni nọ́ńbà tó wà ní ìparí libncurses.so.5 ń sọ fún wa?
2. Àṣẹ wo ni a fi ń mọ gbogbo library tí ètò kan kò rí? Kí ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún?
3. Ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ fi libssl.so.1.1 ránṣẹ́ sí ọ láti orí kọ̀ǹpútà tí kò mọ ẹni tó ni ín. Ìdí méjì wo ni o máa fi sọ pé o kò gbà?