Ìdúró De Èsì Àyẹ̀wò Ọmú

Obìnrin Ìkógòsì tí a tún pè padà sí ilé ìwòsàn ní Adó tàbí Ìdó nítorí kókó ọmú, oorun a máa dá lójú rẹ̀. Kí ó mọ̀ pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Pípẹ́ èsì kì í ṣe àmì ibi: a ní láti rẹ ẹran díẹ̀ tí a gé sínú oògùn, kí a rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a tó fi awò wò ó. Omi gbígbóná ìlú náà dára fún ìwẹ̀. Kò lè tú kókó. Kí ó máa lọ sí oko, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹnìkan tí yóò bá a lọ gba èsì. Bí ọjọ́ tí a dá bá kọjá láìgbọ́ ohun kan, kí ó padà lọ béèrè.