Iye Àwọ̀n Tí A Pín Kọ́ Ni Iye Ọmọ Tó Sùn Sábẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi l'Ádó-Èkìtì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ àwọ̀n ẹ̀fọn ni mo bá wá. Bí wọ́n bá ti pín in tán, iye tó jáde ni a máa ń kọ sínú ìwé. Iye náà a pọ̀, inú wa a dùn, a ó sì pa fáìlì dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á dé.

Mo wọ ilé kan lẹ́yìn àdúgbò Fájuyì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọ̀n méjì ni wọ́n gbà. Ọ̀kan ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ lórí àpótí aṣọ. Èkejì ni ìyá ilé ta yí ebè tẹ̀tẹ̀ ká lẹ́yìnkùlé, kí adìyẹ má baà wọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì wà lórí ẹní, ara rẹ̀ ń jó bí iná. "Bàbá, àwọ̀n yẹn ń ta ọmọ lójú ni," ó ní. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó kọ́kọ́ sá a síbi òjìji fún ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bá a kan ìṣó mọ́ ògiri. Síbẹ̀, nínú ìwé tiwa, ilé yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀fọn. Irú ibà bẹ́ẹ̀ lè di gìrì kí ilẹ̀ tó ṣú. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí, nínú ẹni 10 tí ibà pa lágbàáyé lọ́dún 2023, nǹkan bí 3 jẹ́ ti Nàìjíríà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n yín mọ níwọ̀n, kó sì kan ọmọ gan-an. Ọmọ mélòó ló sùn sábẹ́ àwọ̀n lóru àná? Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì fojú rí i níbi tó so sí. Ẹ kà á kí wọ́n tó pín, kí ẹ tún kà á nígbà ooru, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń tú u. Ẹ fi wé rẹ́jísítà ilé ìlera, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí ohun èlò àyẹ̀wò bá tán, iye ọmọ tí ibà ń ṣe yóò wálẹ̀ nínú ìwé, ibà kò sì dín rárá.

A ti rí irú rẹ̀ nígbà tí à ń lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. L'Ókè Ọya, àwọn kan lára àwọn tó ń kán oògùn àjẹsára ń fi tàdáwà, àmì pé ọmọ ti gbà á, sí ọmọ níka láìkán oògùn sí i lẹ́nu, torí òbí kọ̀. Ìka tó dúdú pọ̀, àrùn kò lọ. Àwọn tó lọ yẹ ilé wò lẹ́yìn wọn, àti àyẹ̀wò ìgbẹ́ ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ lójijì, ló tú àṣírí ibi tí iṣẹ́ kù sí. Ní oṣù Ọ̀gọ́sì 2020 ni wọ́n tó kéde pé irú àrùn náà tó wà látilẹ̀wá ti tán ní Áfíríkà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ rèé: ẹ má jágbe mọ́ nọ́ọ̀sì tó bá mú iye tí kò dára wá. Bí ẹ bá dójú tì í lónìí, èyí tó máa dùn yín nínú ni yóò kọ lóṣù tó ń bọ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò sì san án. Ẹ fún un ní àga, kí ẹ bi í léèrè ilé tí ìṣó àti okùn kò sí, kí ẹ sì bá a débẹ̀.