Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Máa Fi Abẹ́rẹ́ Kun Ẹja?

Ẹ̀kọ́ tèmi lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ẹja tí a kì í jẹ, tí a kàn ń sìn sínú àpótí gíláàsì kí a lè máa wò ó. Wọ́n fẹ́ ra irú rẹ̀ sí yàrá sáyẹ́ǹsì wa ní táàmù tó ń bọ̀, wọ́n sì ní kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ sọ èyí tí a fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì mi ló ń pariwo pé, "Aláwọ̀ mèremère ni ká rà!" Ó dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè ibi tí àwọ̀ náà ti wá.

Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹja gíláàsì. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni Parambassis ranga. Íńdíà àti àwọn orílẹ̀-èdè ìtòsí rẹ̀ ló ti wá. Ara rẹ̀ mọ́ gaara débi pé èèyàn lè ka eegun inú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan wá ń fi abẹ́rẹ́ gún un, wọ́n ń fa aró pupa, aró ewé tàbí aró búlúù sí i lábẹ́ awọ. Ẹ kíyè sí àmì ohùn o: àwọ̀ ni ojú ń rí, awọ ni abẹ́rẹ́ ń dá lu. Ẹja yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ, wọn kì í sì í gún un lẹ́ẹ̀kan péré. Òmíràn ń kú, òmíràn ń gba àrùn láti ojú egbò. Èyí tó bá yè, láàárín oṣù díẹ̀, àwọ̀ náà á ti ṣí.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹja ò mọ ìrora. Ní 2003, Lynne Sneddon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Scotland fi oró oyin tàbí ásíìdì gún ètè ẹja tíráòtù. Àwọn tí wọ́n fi omi iyọ̀ gún tètè padà sídìí oúnjẹ. Àwọn yòókù ò tètè jẹun, àwọn tó gba ásíìdì sì ń fi ètè ha òkúta ìsàlẹ̀ omi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní, "Ṣebí à ń jẹ ẹja ní ilé oúnjẹ, kí ló wá burú ńbẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Èsì mi ni pé ẹja tí a jẹ ń bọ́ wa, ẹni tó sì mọ iṣẹ́ kì í pẹ́ kó tó pa á. Ìrora èyí tí wọ́n gún kò bọ́ ẹnikẹ́ni. Torí kí ojú wa lè gbádùn ni wọ́n ṣe fìyà jẹ ẹ́.

N kò sọ pé àwọ̀ kíkùn burú. Àwọn aláró Abẹ́òkúta ń rẹ aṣọ láró, aṣọ kì í ké. Ìyá àgbà mi ní Ìkirun máa ń fi aró elésè àlùkò kun ẹ̀yìn òròmọdìẹ, kí àwòdì má baà gbé wọn, kó sì lè dá tirẹ̀ mọ̀. Òròmọdìẹ jẹ nínú àǹfààní àwọ̀ yẹn, kò sì sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ohun tó yẹ ká máa bèèrè nìyẹn: ta ló ń jẹ àǹfààní, ta ló ń jẹ ìyà? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1996 ni ìwé ìròyìn Practical Fishkeeping ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn onísọ́ọ̀bù pé kí wọ́n má ta ẹja tí wọ́n kùn mọ́. Àwa náà lè kọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ àwọ̀ la fẹ́, ó wà nítòsí. Odoakpu wa yìí kò jìnnà sí Odò Ọya, nínú àwọn odò kéékèèké gúúsù Nàìjíríà yìí kan náà sì ni ẹja kribensis ti wá. Bí abo rẹ̀ bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún. Kò sẹ́ni tó gún un.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa:
1. Fi àwọ̀ àti awọ ṣe gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.
2. Bí ẹja tí wọ́n ti gún bá wà ní sọ́ọ̀bù, ṣé ká rà á ká tọ́jú rẹ̀, àbí ká fi sílẹ̀ kí wọ́n má baà gún òmíràn?
3. Ta ni yóò bá mi fọwọ́ sí lẹ́tà tí mo fẹ́ mú lọ bá olùkọ́ sáyẹ́ǹsì?