Irin 12 tó di irin 10: Ìṣirò tó yẹ kí jórinjórin àti ẹni tó ń kọ́lé mọ̀ kó tó náwó

Láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé, ni wọ́n ti ń kọ́ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lágbègbè náà. Ilé, ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ táǹkì omi, kò sí èyí tí kò gba irin nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ọ̀pá irin, nọ́ńbà tí òǹtajà bá pè ni wọ́n ń gbà gbọ́. Irin tí wọ́n pè ní 12 lè má ju 10 lọ, ìyàtọ̀ mìlímítà méjì yìí sì lè ba owó jẹ́, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Ohun tí ẹrù ń ṣe fún irin

Bí wọ́n bá so ẹrù rọ̀ sára ọ̀pá irin, nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹrù náà yóò pín ká gbogbo ojú irin, ìyẹn ojú tó máa ń hàn bí wọ́n bá fi ayùn gé e. Iye agbára tó kan mìlímítà kọ̀ọ̀kan níbùú-lóòró lójú irin náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní stress. Ìkejì, irin náà yóò gùn sí i díẹ̀. Ohun tó fi gùn sí i, tí wọ́n bá fi gígùn rẹ̀ àtẹ̀yìnwá pín in, ni strain.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Àpò sìmẹ́ńtì 30, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 kílò, jẹ́ 1,500 kílò. Kílò kan ń fa nǹkan wálẹ̀ pẹ̀lú agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Newton 10, nítorí náà gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi Newton 15,000. Láti mọ ojú irin, wọn yóò fi nọ́ńbà irin lọ́po ara rẹ̀, wọn yóò sì fi 0.785 lọ́po èyí tó bá jáde. Ti irin 12 jẹ́ 113. Bí wọ́n bá fi 113 pín 15,000, stress rẹ̀ jẹ́ 133.

Irin rírọ̀ tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn jórinjórin máa ń fà láìpadà sẹ́yìn mọ́ bí stress rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi 250. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kì í jẹ́ kó débẹ̀. 150 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ààlà. Irin 12 kò tíì dé ààlà yìí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 10 ni irin náà ní ti gidi, ojú rẹ̀ kò ju 78.5 lọ, stress rẹ̀ yóò sì di 191. Ó ti kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ ẹrù kò fi kílò kan lé sí i.

Láti mọ strain, wọn yóò fi 200,000, tó jẹ́ òdiwọ̀n líle irin, pín stress. Ọ̀pá irin 12 tó gùn ní mítà mẹ́ta yóò fi mìlímítà méjì gùn sí i lábẹ́ ẹrù yìí. Ti irin 10 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà mẹ́ta.

Ìkòkò Ìsàn kì í fà

Ní Ìsàn-Èkìtì, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ayébáyé, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ìkòkò kì í fà kó tó fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kọnkéré rí: ó gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀, kò gba fífà. Irin tí wọ́n ń fi sínú rẹ̀ ló ń gba fífà náà, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ilé kọ́kọ́ sán tàbí kó tẹ̀, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè sá jáde. Bí irin bá tín-ínrín ju bó ṣe yẹ lọ, ìkìlọ̀ yẹn lè má wá lásìkò.

Òṣùwọ̀n kì í parọ́

Irin tó ní ìlà lára lè tan ẹni tó ń fi kálípà wọ̀n ọ́n jẹ, ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Kí oníbàárà fi nọ́ńbà irin lọ́po ara rẹ̀, kó fi 162 pín in. Kílò tí mítà kan gbọ́dọ̀ wọ̀n nìyẹn. Ọ̀pá irin 12 tó gùn ní mítà 12 gbọ́dọ̀ wọ̀n tó 10.7 kílò. Ti irin 10 kò ju 7.4 lọ.

Nǹkan bí ọ̀pá 94 ló wà nínú tọ́ọ̀nù kan irin 12. Ẹni tó sanwó rẹ̀, tó wá jẹ́ irin 10 ni wọ́n kà fún un, nǹkan bíi 700 kílò ló gbé relé. 300 kílò tó kù ti wọ àpò ẹlòmíràn.

Àmọ́ ṣá, irin tí ẹrù ń fà ni ìṣirò stress yìí wà fún. Irin gígùn tó dúró bí ẹsẹ̀ táǹkì lè tẹ̀ kí stress rẹ̀ tó dé ààlà, bẹ́ẹ̀ omi inú táǹkì lítà 2,000 nìkan wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì 40. Fún irú èyí àti fún ilé alájà, ọ̀dọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN ló yẹ kí wọ́n lọ. Ní ti irin tí kò bá pé ìwọ̀n, àjọ SON ló ń bójú tó òṣùwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà. Kí ẹni tó bá ń ra irin rí i pé wọ́n wọ̀n ọ́n lójú òun, kí wọ́n sì kọ iye kílò rẹ̀ sínú rìsíìtì kó tó kówó sílẹ̀.