Ohun Tí Ẹsẹ̀ Rẹ Sọ ní Brands Hatch

Chatham, Kent

Àjàní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. Mo wo fọ́tò tí o fi sínú rẹ̀ náà, èyí tí ọkọ̀ Civic rẹ ti rì sínú òkúta wẹ́wẹ́ ní kọ́nà Paddock Hill Bend ní pápá eré ọkọ̀ Brands Hatch. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ pé òkúta wẹ́wẹ́ lo bá pàdé, kì í ṣe ògiri. Lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín, má bínú, nítorí imú ọkọ̀ náà rí bí imú ewúrẹ́ tí wọ́n ká mọ́ ìdí gàrí. Ìyá rẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ohun tí o fi parí lẹ́tà náà ni kò jẹ́ kí n sùn. O ní ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ jọ sáré lọ́jọ́ náà sọ pé kí o lọ ra páàdì bíréèkì àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje, èyí tó le jù tí owó rẹ bá ká, pé wàhálà ti tán nìyẹn. Jọ̀ọ́, má tíì rà á. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé nígbà tí o tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ wọlé bí ẹni tẹ tìmùtìmù, títí ó fi kan ilẹ̀ ọkọ̀. Páàdì kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Páàdì tó ti jóná kì í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀.

Orí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni mo ti kọ́ ọ. Mo ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Iléṣà nígbà náà, ọ̀gá mi sì ní lọ́rì Bedford àtijọ́ kan tó fi ń kó pákó. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹrù kún un dé ọ̀run, a ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè náà fún ìgbà díẹ̀, ọ̀gá ń tẹ bíréèkì ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ ẹ́, ó le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí àpáta, ọkọ̀ kò sì dúró. Òórùn jíjóná gba inú ọkọ̀ kan. Ó já jíà sí kejì, ó tún já a sí kìíní, ínjìnì ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pa, bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ́ dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ mi gbọ̀n tán, ọ̀gá wá sọ fún mi pé bí bíréèkì bá le tí ọkọ̀ kò dúró, ohun tó ń gbo ara mọ́ irin ló ti gbóná jù. Bó bá rọ̀ tó sì wọlé, ọ́ìlì bíréèkì ló hó, àfi bí páìpù bá ń jò. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn láti Iléṣà dé Kent, mi ò tíì rí ọjọ́ tó já mi kulẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lọ́dọ̀ àwa mẹkáníìkì, àkísà gan-an là ń fi nu ọwọ́.

Bíréèkì ọkọ̀ kò ju kí ẹsẹ̀ rẹ ti ọ́ìlì, kí ọ́ìlì ti páàdì mọ́ dísìkì. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀, ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yìí ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí iyọ̀ tí wọn kò dé lásìkò òjò. Ọ́ìlì DOT 4 tuntun gbọ́dọ̀ fara da ooru tó 230 ní ìwọ̀n Celsius kó tó hó. Bó bá ti mu omi dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju 155 lọ. Bó bá wá hó nínú kálípà, ibi tó ti ń ti páàdì, ó di èéfín, èéfín sì ń fún pọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Tìmùtìmù tí o tẹ̀ nìyẹn. O ní ọdún kẹta rè é tí o ti ra ọkọ̀ yìí. Mo wá inú lẹ́tà rẹ lókè nílẹ̀, mi ò rí ibi tí o ti sọ pé o pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì rẹ̀ rí.

O lè ní ṣebí ojú títì lo ti ń wà á láti ọjọ́ yìí wá, kò sì ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ̀ rẹ wúwo tó nǹkan bíi 1,200 kílò. Gbogbo eré tí o bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ooru ló ń dà, ooru náà kò sì ní ibòmíràn tí yóò gbà ju ara dísìkì àti páàdì lọ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Lójú ọ̀nà M2, o lè rìn fún ìgbà pípẹ́ láìtẹ bíréèkì dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Pápá Brands Hatch kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní Indy, kò ju máìlì 1.2 lọ, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan o ti tẹ̀ ẹ́ ní Paddock, o ti tẹ̀ ẹ́ ní Druids, o ti tún tẹ̀ ẹ́ kí o tó padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Ní Druids, òkè ń bá ọ fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ní Paddock, ilẹ̀ já sílẹ̀ lábẹ́ rẹ, ìwúwo ọkọ̀ ń tì ọ́ lọ. Kò yà mí lẹ́nu pé ibẹ̀ ló ti já ọ sílẹ̀. Mo mọ kọ́nà yẹn. Mo wà lórí koríko níbẹ̀ ní 1986, nígbà tí Nigel Mansell gba Grand Prix Britain, ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n sá a ní Brands Hatch, mo sì ń wo bí àwọn tó mọ̀ ọ́n wà pàápàá ṣe ń fi ìbẹ̀rù bọ̀wọ̀ fún un.

Nítorí náà, ọ́ìlì lo máa kọ́kọ́ rà. Ra DOT 4 tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń sáré, èyí tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ pé ó ń kọjá 300 kó tó hó. Ọdọọdún ni kí o máa pààrọ̀ rẹ̀, kí o tó wọ pápá. Má ra DOT 5. Orúkọ rẹ̀ jọ ti DOT 5.1, ṣùgbọ́n silíkóònù ni, kì í bá àwọn tó kù lò nínú ọkọ̀ bíi tìrẹ.

Ó dáa, ká wá sọ ti páàdì, nítorí mo mọ̀ pé wàá rà á náà ni. Ìyẹ̀fun irin, èédú, okùn oríṣiríṣi àti nǹkan mìíràn ni wọ́n pò pọ̀, tí wọ́n fi oje kan lẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ pọ̀ nínú iná. Oje yẹn ni ooru ń bá jà. Bí ooru bá pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ó ń tú afẹ́fẹ́ jáde láàrin páàdì àti dísìkì, wọn kò sì di ara wọn mú mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá mi lórí òkè nìyẹn. Nígbà tiwa, asbestos ló wà nínú ohun tó ń gbo ara mọ́ irin yìí. A máa ń fẹnu fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò nínú dúróòmù bí ẹni fẹ́ èèpo ẹ̀pà. Britain fòfin dè é ní 1999. Títí di òní, bí o bá tú táyà, má fẹnu fẹ́ eruku ibẹ̀. Aṣọ tútù ni kí o fi nù ún.

Herbert Frood ni orúkọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ òwò páàdì bíréèkì yìí ní Derbyshire ní 1897. Ó rí i pé àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin máa ń so bàtà àtijọ́ mọ́ igi tí wọ́n fi ń dá kẹ̀kẹ́ dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó tún àwọn lẹ́tà orúkọ rẹ̀ tò, ó mú E kan lára Elizabeth ìyàwó rẹ̀, ó di Ferodo. Ìgbàkígbà tí mo bá rí orúkọ yẹn lára páálí páàdì, bàtà ni mo máa ń rántí.

Páàdì ìdíje tí ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ sáré júwe, inú ooru ni wọ́n bí i sí. Ó lè máa ṣiṣẹ́ dé 600 láìmi. Ṣùgbọ́n bó bá tutù, ńṣe ló dà bí òkúta tí o tì mọ́ dísìkì. Ìwọ sì ni ẹni tó ń fi ọkọ̀ kan náà lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ oṣù Kínní, tó ń gba iwájú ilé-ìwé kọjá. Bíréèkì àkọ́kọ́ tí o máa tẹ̀ láàárọ̀, níwájú ọmọ tó ń sọdá, ni kò ní di ọkọ̀ mú bó ṣe yẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, á máa ké, á máa jẹ dísìkì, eruku rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ wíìlì rẹ bí ìpẹtà. Páàdì ojú títì lásán náà kò dára fún ọ, nítorí nǹkan bíi 350 sí 400 ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣàárẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun ní páàdì kan tó mọ òtútù bí ti ilé, tó tún mọ iná bí ti ìdíje, ọjà ló ń tà.

Èyí tó wà láàrin ni kí o rà: èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń sáré lójú pápá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó sì ń gbé ọkọ̀ náà relé, tó ń fara da nǹkan bíi 500 tó sì ń mú láti òtútù. Wò ó lẹ́yìn irin rẹ̀ bóyá o rí 90R, àmì pé ó bá òfin Yúróòpù mu fún ojú títì. Bí o kò bá rí i, béèrè lọ́wọ́ àwọn oní-ìnṣọ́ránsì rẹ kí o tó fi jáde. Bí o bá ń bi wọ́n, bi wọ́n ní ti pápá náà, nítorí ìnṣọ́ránsì ojú títì kì í sábà dé ibẹ̀. Ra ti iwájú àti ti ẹ̀yìn nínú ìdílé kan náà. Iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, pàápàá lára ọkọ̀ tí iwájú ń fà bíi tìrẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn bá le ju iwájú lọ, ìdí ọkọ̀ ló máa ṣíwájú rẹ wọ kọ́nà.

Bí o bá so wọ́n mọ́ ọn tán, má wọ pápá lọ́jọ́ kejì. Wá ojú ọ̀nà tó dá, sáré dé máìlì 60 ní wákàtí kan, tẹ bíréèkì gírígírí títí di bíi 10, má jẹ́ kó dúró pátápátá, tún gbéra. Ṣe é bí ìgbà mẹ́jọ, lẹ́yìn náà wà á jẹ́jẹ́ títí yóò fi tutù. Páàdì máa ń fi awọ tín-ín-rín kan sílẹ̀ lára dísìkì. Orí awọ yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn tó ṣe é bá kọ ohun mìíràn sínú páálí, tiwọn ni kí o tẹ̀lé. Má sì fi páàdì tí kò tó ìdajì wọ pápá. Bó ṣe ń tín-ín-rín ni ooru rẹ̀ ń tètè dé inú ọ́ìlì.

Ohun kan kù tí ẹnikẹ́ni kò ní tà fún ọ. Má sáré ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lẹ́ẹ̀kan. Fi ìyípo ìkẹyìn rìn láìtẹ bíréèkì. Bí o bá dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, jíà ni kí o fi mú ọkọ̀ dúró, má fa bíréèkì ọwọ́, má sì gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì bí o ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé.

O ní Snetterton ni ẹ tún ń lọ. Máìlì mẹ́ta dín díẹ̀ ni pápá ńlá ibẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì gùn gbọọrọ kí o tó dé ibi tí wàá ti tẹ bíréèkì, nítorí náà ooru ibẹ̀ ju ti Brands Hatch lọ lẹ́ẹ̀kan. Má lọ kí n tó wo ọkọ̀ náà. Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́sàn-án, jáàkì á ti wà nílẹ̀. Mú ìgò ọ́ìlì lítà kan dání, wọ aṣọ tí o kò bìkítà fún.

Èmi ni àbúrò bàbá rẹ ní Chatham.