Kọ̀ǹpútà Rí Ipasẹ̀, Kò Tíì Rí Ẹran

Ẹ̀yin ọmọ Ìbàràpá tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ ìbejì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹni tó bá bi ará Ìgbó-Ọrà léèrè ohun tó ń mú ìbejì pọ̀ níbẹ̀, àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn oúnjẹ. Ẹ kàn jẹ́ ká wo inú ẹ̀jẹ̀ náà.

Dókítà Nylander, tó ṣèwádìí ìbejì nílẹ̀ Yorùbá, kọ ọ́ ní 1973 pé FSH, họ́mọ̀nù tó ń mú ẹyin obìnrin gbó, pọ̀ lára àwọn ìyá ìbejì. Ní 2016, Hamdi Mbarek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ DNA àwọn ìyá tó bí ìbejì ẹlẹ́yin méjì wò ní Netherlands, Australia àti Amẹ́ríkà. Lára ohun tí wọ́n rí ni ìyípadà lẹ́tà kan ṣoṣo, rs11031006, nítòsí jíìnì FSHB. Kò sí nínú jíìnì náà fúnra rẹ̀ o! Nǹkan bí 26,000 lẹ́tà ló wà láàárín wọn. Ibi tí àṣẹ ti ń wá ni, àṣẹ tó ń sọ bí jíìnì yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó.

Irú ibi àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni a ń fi kọ̀ǹpútà wá. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni DNA ní. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà wá ìtòlẹ́sẹẹsẹ lẹ́tà mẹ́fà kan tí purotéènì ń dì mú, yóò ṣèèṣì yọjú lẹ́ẹ̀kan nínú 4,096 lẹ́tà. Nínú bílíọ̀nù 3 tí èèyàn ní, ó ju ìgbà 700,000 lọ. Ọdẹ tó rí ipasẹ̀ kò tíì rí ẹran. Ẹ wò ó bóyá àwọn ẹranko mìíràn ní irú lẹ́tà kan náà níbẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tó ti dán an wò nínú yàrá ìwádìí. Ohun tí àwọn olùṣèwádìí ṣe sí ti FSHB nìyẹn ní 2021: wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì eku dán an wò, purotéènì SF1 sì di ibẹ̀ mú gírígírí nígbà tí lẹ́tà náà yí padà, ni iṣẹ́ jíìnì bá pọ̀ sí i.

DNA àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà ní Ìbàdàn wà nínú àkójọ 1000 Genomes, ọ̀fẹ́ ni, YRI ni wọ́n ń pè é. Ẹ lọ wo rs11031006 níbẹ̀. Ẹ fi ohun tí ẹ bá rí han ẹni tó mọṣẹ́ náà, kí ẹ tó sọ fún ìyá ìbejì kankan ní Ìgbó-Ọrà pé ẹ ti mọ ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti wá.