Atalẹ̀ fún aláboyún, atalẹ̀ nínú sodabi

*Oyún mi pé oṣù méjì, inú ń rìn mí láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa mu omi atalẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní yóò ba oyún jẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Ìyàwó ilé kan, Gouka)*

Ẹ gbọ́ ti ìyá ọkọ yín. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ní atalẹ̀ ń wò, èyí wà lára àwọn tí ẹ̀rí rẹ̀ dájú jù. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lára ọ̀pọ̀ aláboyún, wọn kò sì rí i pé ó ń ba oyún jẹ́. Inú tó ń rìn ni ó máa ń mú rọlẹ̀. Èébì fúnra rẹ̀ lè má dá. Gíráàmù 1 ti gbígbẹ lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò, bí ìdajì ṣíbí kékeré. Bó bá jẹ́ tútù, èyí tó tó orí àtàǹpàkò ti tó. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí di alẹ́. Bó bá ń ta yín láyà, ẹ dín in kù.

Ibà ló ń bà mí lẹ́rù. Ní àgbègbè wa yìí, aláboyún tó ń bì tí ara rẹ̀ sì gbóná, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Bí omi kò bá dúró nínú yín, tí ìtọ̀ yín wá dúdú tàbí tó wọ́n, ẹ má jókòó ti ife atalẹ̀, ilé ìwòsàn yá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ, tàbí tí ọjọ́ ìbí ti súnmọ́, ẹ dá atalẹ̀ dúró, kí ẹ bi agbẹ̀bí.

*Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Mo rẹ atalẹ̀ sínú ọtí sodabi, òun ni mò ń mu láràárọ̀ dípò oògùn. Ara mi sì yá. (Bàbá kan, Pira)*

Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ dá a dúró. Sodabi a máa gbé ẹ̀jẹ̀ ga, atalẹ̀ inú rẹ̀ kò lè tún un ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, ìyẹn ni ara fi ń yá yín nígbà tó ń ba ọkàn, kíndìnrín àti ọpọlọ jẹ́. Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó fún yín lóògùn lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Atalẹ̀ inú ọbẹ̀ kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n bí aspirin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bá wà nínú ohun tí ẹ ń lò, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó máa mu atalẹ̀ púpọ̀.

*Mò ń ta omi atalẹ̀. Tútù àbí gbígbẹ? (Ọ̀dọ́bìnrin kan, Savalou)*

Tútù. Bí atalẹ̀ bá gbẹ, gingerol inú rẹ̀ a máa di shogaol tó ta jù ú lọ, a sì máa jó ọ̀fun oníbàárà. Ẹ fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó Allada dín ṣúgà kù. Omi ni kí ẹ ṣọ́ jù: atalẹ̀ kì í pa kòkòrò inú omi ìdọ̀tí, ẹ se omi náà kó hó kí ẹ tó fi sẹ́ atalẹ̀. Ṣíṣà rẹ̀ kì í ṣòfò. Ẹ gún un mọ́ áyù àti iyọ̀, ẹ fi ra wàrà wagasi lára kí ẹ tó dín in.